Yanrìn ń rìn: ohun tí máàpù àtijọ́ ń sọ nípa bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ láti Èkó dé Ìlàjẹ

Ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ ra ilẹ̀ lápá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí lọ́hùn-ún, wọ́n wá ya fọ́tò sọ́féè ilẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá àwọn wò ó, torí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn máàpù. Ìwé ilẹ̀ yẹn dáa, ẹ́jẹ́ǹtì sì ti sọ fún wọn pé látibẹ̀ sí etí òkun ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ohun tó dùn mọ́ wọn nínú jù nìyẹn. Ìbéèrè tí mo bi wọ́n ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti ọdún wo?" Wọ́n rò pé mo ń bá wọn ṣàwàdà. Mi ò ṣàwàdà rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, torí èèyàn tó wà nírú ipò tí wọ́n wà pọ̀ gan-an lásìkò yìí.

Ọ̀rọ̀ etí òkun ti gbẹnu gbogbo èèyàn. Láti 2024 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ títì etí òkun tó máa gba Èkó lọ dé Calabar, ọ̀nà tó tó 700 kìlómítà, tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbafẹ́ àwọn èèyàn ní Victoria Island torí ẹ̀, gbogbo ẹni tówó díẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló fẹ́ ní ilẹ̀ tó sún mọ́ omi. Bẹ́ẹ̀ ìròyìn tí à ń gbọ́ láti Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni pé òkun tún ti wọlé, òkun tún ti kó ilé lọ. Tí ẹ bá béèrè ohun tó fà á, àwọn kan á ní òkun ló ń bínú, àwọn mìíràn á ní ojú ọjọ́ tó ń yí padà ni. Mi ò bá ẹni tó ń bọ Olókun jà o, òótọ́ sì ni pé omi òkun ń ga sí i, ó ti ga tó nǹkan bí 20 sẹ̀ntímítà káàkiri ayé láti 1900, ó sì ń yára sí i. Ṣùgbọ́n 20 sẹ̀ntímítà nìkan ò lè ṣàlàyé bí ilẹ̀ tó fẹ̀ ju kìlómítà kan lọ ṣe pòórá níwájú Victoria Island. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ìyẹn, àfi kó tẹ́ máàpù àtijọ́ sílẹ̀ kó wò ó dáadáa.

Àwọn Pọtogí ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ gba etíkun wa kọjá, láyé 1470 sókè. Nínú ọ̀pọ̀ máàpù àwọn Òyìnbó láyé ìgbà yẹn àti lẹ́yìn ẹ̀, tí ojú yín bá dé ibi tí Èkó wà, orúkọ tí ẹ máa rí ni Curamo. Orúkọ yẹn ò kú, òun náà la ṣì ń pè ní Kuramo ní Victoria Island títí dòní, omi tó wà lẹ́yìn àwọn hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí èyí, pé orúkọ lè lágbára ju ilẹ̀ lọ, ilẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ lè ti wọmi tán kí orúkọ ṣì wà lẹ́nu oníkèkẹ́ tó ń pe èrò. Àmọ́ àwọn máàpù yẹn ò lè sọ ibi tí etí òkun wà gan-an fún wa, torí inú ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ti ń yà á, ohun tó sì jẹ wọ́n lógún ni ẹnu odò tí ọkọ̀ lè gbà wọlé.

Máàpù tó wúlò fún irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1850 sí 1900. Ní 1859 Glover, tó padà wá ṣe gómìnà Èkó tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ya ẹnu ọ̀sà Èkó sórí ìwé. Ní 1885 Lawson ya ìlú Èkó fúnra ẹ̀, àdúgbò sí àdúgbò. Tí ẹ bá fi àwọn máàpù ayé ìgbà yẹn wé ti òde òní, ẹ máa rí i pé omi tó wà láàrin Èkó nígbà yẹn pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ìdúmàgbò ní ọ̀sà kékeré tiẹ̀, wọ́n ti di í pa. Alákòró dá dúró gẹ́gẹ́ bí erékùṣù, ó ti lẹ̀ mọ́ ìyókù báyìí. Marina tí ọkọ̀ ń sáré lórí ẹ̀ yìí, etí omi gan-an ni, àwọn àgbà tó dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì lè sọ fún yín bí wọ́n ṣe máa ń dúró níbẹ̀ wo ọkọ̀ ojú omi, kó tó di pé wọ́n da yanrìn sí i láyé 1970 sí 1979 tí wọ́n fi títì mìíràn síwájú ẹ̀. Èkó arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, oríkì yẹn ò purọ́, àmọ́ omi náà ń sá fún Èkó, torí a ò jẹ́ kó rímú mí.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń fi máàpù méjì wéra, torí mo ti rí àwọn tó kàn gbé ọ̀kan lé èkejì lórí fóònù tí wọ́n wá ń pariwo pé òkun ti jẹ báyìí báyìí. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ohun tí ò tíì kúrò lójú kan. Ní Èkó, Iga Ìdúngànràn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, ààfin Ọba, torí ibi tó wà nígbà náà ló wà lónìí, lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá oríta àtijọ́ méjì mẹ́ta. Tí àwọn wọ̀nyẹn bá ti bá ara wọn mu nínú máàpù méjèèjì, nígbà yẹn lẹ tó lè wo etí omi. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní láti béèrè pé ṣé ìgbà tí òkun kún ni sọ̀féyọ̀ fa ìlà ẹ̀ ni àbí ìgbà tó fà sẹ́yìn, torí níbi tí etí òkun bá tẹ́jú, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè gbòòrò gan-an lórí ilẹ̀. Ìlà tó wà lórí máàpù, ọjọ́ tí wọ́n fà á ló ń jẹ́rìí sí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé tọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe, ẹnu èbúté ni wọ́n wọ̀n dáadáa, etí òkun tó kù sì lè jẹ́ pé wọ́n kàn fojú dá a ni. Nítorí náà tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ọgbọ̀n mítà, ẹ má pariwo. Tó bá ti wá di kìlómítà, ó ti kúrò ní àṣìṣe.

Kìlómítà yẹn gan-an là ń bọ̀ wá bá.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe Bar Beach ní Bar Beach? Òkìtì yanrìn tó wà lábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀sà Èkó ni wọ́n ń pè ní bar. Yanrìn yẹn ló dínà mọ́ ọkọ̀ ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ tó bá ti tóbi ò lè wọ Èkó, Forcados ni wọ́n máa ń já ẹrù Èkó sí, kí ọkọ̀ kéékèèké tó wá gbé e wálé, ìnáwó lórí ìnáwó. Nígbà tí rélùwéè wá dé Ìbàdàn ní 1901 tó ń lọ sókè ọya, ìjọba Òyìnbó fẹ́ máa kó ẹ̀pà, kòkó, epo, gbogbo ẹ̀, jáde tààrà láti Èkó, wọ́n ní àfi kí ẹnu ọ̀sà yẹn jìn. Láàrin 1908 sí 1912 wọ́n kó òkúta wọ inú òkun, ògiri méjì tí wọ́n ń pè ní mole, ọ̀kan lápá ìwọ̀ oòrùn, ọ̀kan lápá ìlà oòrùn, kí omi lè máa gba àárín wọn pẹ̀lú agbára, kí yanrìn má baà rí ibi kó jọ sí. Ó ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ńlá wọlé. Èbúté Èkó tí à ń jẹun ẹ̀ títí dòní, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n yanrìn etí òkun wa kì í jókòó sójú kan, ó ń rìn. Ìgbì òkun tó ń wá bá wa kì í wá tààrà, gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ti ń wá, ẹ̀gbẹ́ ló sì ń gbà. Tó bá gbá etí òkun, á ti yanrìn gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá ń padà á fà á sọ̀kalẹ̀ tààrà, yanrìn yẹn á ti sún díẹ̀ síhà ìlà oòrùn, ìgbì mìíràn á tún dé, á tún sún, bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ayé. Àwọn tó ń ṣèṣirò ẹ̀ sọ pé ohun tó ń gba iwájú Èkó kọjá lọ́dún tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù sí mílíọ̀nù kan cubic mita. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn kàn kọjá létí yín, tí ẹ bá ní kí wọ́n fi típà ńlá kó ìdajì mílíọ̀nù yẹn, ó máa ju 40,000 típà lọ lọ́dún kan. Etí òkun tí ẹ ń rí tó dà bíi pé ó dúró jẹ́ẹ́, èrò ọjà tó ń kọjá ló jọ, bí àwọn kan ṣe ń lọ làwọn kan ń dé, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ ò fi ṣófo. Tí ẹ bá wá dí títì mọ́ èrò yìí, wọ́n á kún ẹ̀yìn ìdènà, iwájú á dá páropáro.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Yanrìn tó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn bá ògiri òkúta pàdé, ó kó jọ sẹ́yìn ẹ̀, Lighthouse Beach fẹ̀ sí i, tí ẹ bá sì fi ọkọ̀ ojú omi dé Tarkwa Bay rí, iṣẹ́ èbúté yẹn ló dá etí omi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sílẹ̀. Ní òdìkejì, ní Victoria Island, ìgbì ò yéé kó yanrìn tó wà nílẹ̀ lọ síhà ìlà oòrùn bó ṣe máa ń kó o, àmọ́ tuntun ò dé mọ́ láti dípò ẹ̀. Láàrin 1900 sí 1959, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mole apá ìlà oòrùn, òkun ti jẹ ilẹ̀ wọlé ju kìlómítà kan lọ. Ọwọ́ èèyàn ló gbé òkúta yẹn sílẹ̀, máàpù sì ń fi ọdún tí wọ́n gbé e hàn.

Láti nǹkan bí 1960 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fa yanrìn dà sí Bar Beach, òkun ń kó o lọ, wọ́n tún ń dà á, owó ìjọba tó wọmi níbẹ̀ ò kéré. Àwọn tó dàgbà tó láti rántí 1971, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Oyenusi, ògbólógbòó adigunjalè yẹn, ní Bar Beach tí èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́, mọ bí iyanrìn ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nígbà yẹn, ó sì ti dín kù sí tàtijọ́ ná. Lẹ́yìn ọdún 2000, omi ti ń fo títì Ahmadu Bello Way, òòrùn ń ràn tí ọkọ̀ sì ń wọ́ nínú omi iyọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2012, òkun ya wọ Kuramo ní òwúrọ̀, ó kó àwọn èèyàn tó ń gbé inú ahéré etí òkun níbẹ̀ lọ. Àwọn tálákà ni. Mi ò lè kọ nípa etí òkun Èkó kí n fo èyí.

Ìgbà yẹn iṣẹ́ Eko Atlantic ti ń lọ. Ẹ wò ó, àwọn tó ń kọ́ ọ náà fi máàpù àtijọ́ ṣe ẹ̀rí, wọ́n ní ibi tí etí òkun wà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn làwọn ń dá a padà sí. Ohun tí wọ́n sọ ní òótọ́ nínú. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó square kìlómítà mẹ́wàá ni wọ́n fa yanrìn dà sínú omi, wọ́n sì fi ògiri òkúta àti kọnkéré tó gùn ju kìlómítà mẹ́jọ lọ yí i ká. Ahmadu Bello Way rímú mí lóòótọ́, èmi náà jẹ́rìí sí i. Àmọ́ etí òkun tó wà nínú máàpù àtijọ́ yẹn, etí òkun oníyanrìn ni, tó ń gbà lọ́wọ́ ọ̀tún tó ń fún ọwọ́ òsì. Ògiri òkúta kì í fún aládùúgbò ẹ̀ ní nǹkan kan. Fún ìdí èyí mi ò gbà pé ìdápadà ló yẹ kí wọ́n máa pè é. Wọ́n ti ìṣòro náà síwájú ni.

Iwájú yẹn ni Òkun Alfa, tí àwọn èèyàn ń pè ní Alpha Beach, lápá Lẹ́kkí. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń ké látìgbà yẹn, títì wọn ti lọ, òpó iná ti ṣubú sómi, àwọn ilé kan ti di ti ẹja. Ìjọba Èkó wá kó òkúta jọ sínú omi ní ìlà ìlà, groyne ni wọ́n ń pè é, kí yanrìn lè máa dúró láàrin wọn. Groyne náà ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó wà láàrin ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí òkúta tó kẹ́yìn bá parí sí, ìṣirò kan náà ló tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Máàpù tún kan ọ̀rọ̀ Maroko, àdúgbò àwọn tálákà tó wà lápá ìlà oòrùn Victoria Island nígbà náà. Ní oṣù keje 1990 tí ìjọba ológun lé àwọn ará Maroko, nǹkan bí 300,000 èèyàn, lára ohun tí wọ́n sọ ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù, pé omi máa bò ó. Irà ni apá ibẹ̀ lóòótọ́, ó wà nínú máàpù àtijọ́, Victoria Island jẹ́ erékùṣù gidi nígbà náà kí wọ́n tó di irà tó wà lápá ìlà oòrùn ẹ̀ pa. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ní kò ṣeé gbé fún tálákà, wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n kọ́ ilé olówó ńlá lé e. Ìyẹn ń dùn mí títí dòní.

Ìlú Èkó nìkan kọ́ ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ẹ gba apá ìwọ̀ oòrùn lọ, ẹ máa bá ìtàn kan náà. Ní Keta ní Ghana, àwọn ará Denmark kọ́ odi Prinzenstein ní 1784, òkun ti wó apá kan ẹ̀ lulẹ̀. Odò Volta ló ń gbé yanrìn wá fún gbogbo apá yẹn, ṣùgbọ́n láti 1965 tí dáàmù Akosombo ti dí odò náà, yanrìn tó ń dé òkun ti dín kù púpọ̀. Wọ́n tún kọ́ èbúté Cotonou ní nǹkan bí ìgbà kan náà, èbúté Lomé tẹ̀ lé e ní 1968, gbogbo wọn ló sì ní ògiri òkúta tó yọ wọ inú òkun. Lẹ́yìn èbúté Lomé, òkun ń jẹ ilẹ̀ lọ títí dé Aného. Lẹ́yìn ti Cotonou, ó gbé àdúgbò tó wà lápá ìlà oòrùn ìlú náà. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin, òkun kan, yanrìn kan náà, kálukú ń dínà mọ́ ẹnìkejì ẹ̀ láìbá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ wá yàtọ̀ díẹ̀, ó sì yẹ ká yà á sọ́tọ̀, torí mo ti rí àwọn tó ní kí ìjọba lọ kó òkúta síbẹ̀ bíi ti Èkó kó parí. Níwájú apá ibẹ̀ lábẹ́ òkun, ọ̀gbun ńlá kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Avon Canyon. Yanrìn tó bá rìn títí débẹ̀ ń já sínú ọ̀gbun náà, kì í jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí etí òkun Máhìn fi jẹ́ ẹrẹ̀, kò ní yanrìn bíi ti Èkó, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ, wọ́n ń fi igi gbé ilé dúró lórí omi. Ẹrẹ̀ ò ní agbára yanrìn. Ohun tó ń dì í mú ni gbòǹgbò igi àti koríko, nígbà tí wọ́n sì wá la kánáàlì lápá Awoye torí epo rọ̀bì, omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọ inú irà tó jẹ́ omi dídùn, igi kú, koríko kú, ilẹ̀ tú. Òkúta tí ẹ bá kó sórí ẹrẹ̀, rírì ló máa rì.

Ayétòrò wà láàrin ìyẹn. Àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, àpò kan ni owó wọn wà, wọ́n ní iná mànàmáná kí ọ̀pọ̀ ìlú wa tó mọ bó ṣe ń tàn, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ṣe bàtà. Ìlú Aláyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ àtijọ́ yẹn àti ibi tí wọ́n ń sìnkú sí ti bọ́ sínú òkun. Wọ́n ti gbé kọ́ńtíráàtì ìdènà omi jáde fún ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ìdènà yẹn ni ò tíì dé. Ẹni tó bá fẹ́ fi máàpù ya Ayétòrò ti 1960 ní láti ya ìdajì ẹ̀ sórí omi.

Ó kan ẹ̀gbọ́n mi báyìí. Láàrin Èkó àti Ìlàjẹ, òkúta tuntun ti wà. Èbúté Lẹ́kkí tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní 2023 ní ògiri tiẹ̀ tó yọ wọ inú òkun, kò sí bó ṣe lè ṣe kó má ní, torí ọkọ̀ ò lè gúnlẹ̀ nínú ìgbì. A nílò èbúté, mi ò sọ pé kí wọ́n má kọ́ ọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n máa ya etí òkun tó wà lápá ìlà oòrùn ẹ̀ sórí máàpù lọ́dọọdún, kí wọ́n máa gbé e síta fún gbogbo èèyàn, kí wọ́n sì máa kó yanrìn tó bá há sẹ́yìn ògiri náà lọ sí iwájú, torí ó ṣeé ṣe, àwọn èbúté kan láyé ń ṣe é. Títì etí òkun yìí náà, kó tó dé Òǹdó, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan tẹ́ máàpù àádọ́ta ọdún sílẹ̀ níwájú àwọn ẹ́ńjíníà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wo tiyín, kò nílò kẹ́ ẹ jẹ́ sọ̀féyọ̀. Google Earth ní fọ́tò sátẹ́láìtì láti 1984 síwájú, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá ibi ilẹ̀ yín, ẹ fà á láti ọdún kan sí òmíràn. Ẹ mú títì kan tí ò kúrò lójú kan, ẹ wọn bí òkun ṣe jìnnà sí i nígbà náà àti báyìí.

Ohun tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe nìyẹn, lórí fóònù, fún wákàtí kan gbáko, mò ń fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n ń fi gíláàsì wọn wò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọn ò béèrè bí òkun ṣe jìnnà sí ilẹ̀ náà mọ́. Wọ́n ní, "Kí ló wà lápá ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀?" Mo ní ògiri èbúté ni. Wọ́n ní kí n fi fọ́tò 1984 yẹn ránṣẹ́ sí ẹ́jẹ́ǹtì, wọn ò tíì sanwó.